Kọ̀ǹpútà ilé kò tàn mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tí kò fẹ́ pàdánù fáìlì rẹ̀

Ìbéèrè tó ń wọlé láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ jọra púpọ̀: «Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́, gbogbo iṣẹ́ mi sì wà nínú rẹ̀.» Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn ni mo kọ síbí. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì jáde, kí ẹ tó tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tó bá ní kí Windows ṣáà tàn ná, òun ló sábà ń kábàámọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ Faransé, bó ṣe máa hàn lójú kọ̀ǹpútà yín nìyẹn.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn, ṣé fáìlì mi ti lọ nìyẹn?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni Windows, ọ̀tọ̀ ni fáìlì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú disque dur (ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ) kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá dá sínú ilẹ̀kùn, ẹrù inú yàrá kò tíì jóná. Bátìrì, chargeur, RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́), fáànù, ojú ẹ̀rọ: fáìlì kì í gbé inú ọ̀kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ohun tó ń pa fáìlì kò pọ̀. Disque dur fúnra rẹ̀ lè máa kú lọ. Ẹnìkan lè ṣe formatage lé e lórí, ìyẹn ni pé kó nù ún mọ́ bíi tuntun. Ó sì lè jẹ́ pé Windows ti fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti gbogbo rẹ̀ pa, tí kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà. Nínú gbogbo rẹ̀, formatage ló ń dùn mí jù, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó fi dandan lé e.

Kí ni kí n wò kí n tó pe ẹnikẹ́ni?

Ẹ wo irú «kò tàn» tó jẹ́. Àwọn kan wà tí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì, tí kò ní sí iná, tí kò ní sí ariwo. Òmíràn, fáànù ń yí, iná kékeré ń ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ sì dúdú. Òmíràn yóò gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jáde, á kọ ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ sórí ojú dúdú, á dúró síbẹ̀. Èyí tó kù ni Windows tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń pa ara rẹ̀, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba rárá. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ohun tó wà lójú rẹ̀. Bó bá ń ké «bíìp, bíìp», ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí iye ìgbà tó ké ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo tẹ bọ́tìnnì, kò tilẹ̀ mí.

Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ rallonge kúrò, ẹ ki wáyà náà tààrà sínú prise tí ẹ ti fi chargeur fóònù dán wò. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n rallonge tí wọ́n rà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé kọ̀ǹpútà tó yá gágá lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe.

Bó bá jẹ́ ti orí tábìlì tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wáyà iná ti wọlé. Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. 220 V ni iná wa níbí. Bí bọ́tìnnì náà bá wà lórí 115, ariwo «pọ̀ọ̀» kan ni ẹ máa gbọ́, òórùn á tẹ̀ lé e. Alimentation, àpótí tó ń fún ẹ̀rọ ní iná, ló jó nígbà náà. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bá fáìlì yín níbi tí ẹ fi í sí.

Bó bá jẹ́ alágbèéká, ẹ yọ chargeur. Bí bátìrì rẹ̀ bá ṣeé yọ, ẹ yọ òun náà. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ dá chargeur nìkan padà, ẹ tún un tẹ̀. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n ti fẹ́ tú tà ní ẹyọ-ẹyọ tó jí lórí èyí nìkan.

Ẹ má ṣe yá chargeur aládùúgbò láì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ 19 V tàbí 20 V, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti kọ̀ǹpútà yín mu. Bí bátìrì bá sì ti wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má fi iná sí i mọ́. Ìyẹn lè gbiná.

Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú.

Ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú wáyà HDMI. Bí àwòrán bá yọ síbẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ló ní àìsàn, inú rẹ̀ le. Ẹ tètè kó fáìlì yín jáde lójú tẹlifíṣọ̀n náà. Ẹ tún lè tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: nígbà míràn ẹ ó rí Windows bí òjìji, iná ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kú.

Bí kò bá sí nǹkankan lójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, RAM ni mo máa ń fura sí. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ yọ bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin kan tó kan ilẹ̀ kí iná ara yín lè lọ. Ẹ tú vis ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe wà lára ẹ̀rọ, nítorí gígùn wọn kì í dọ́gba, èyí tó gùn sì lè lu ibi tí kò yẹ. RAM ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà. Ẹ na ìwọ̀ méjèèjì tó dì í mú síta, á dìde díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó wá fà á jáde ní ìdagun. Ẹ mú gomme funfun tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ẹ máa fi nu ẹsẹ̀ wúrà náà síhà kan ṣoṣo, láti òkè wá sí etí. Ẹ ó rí dúdú lára gomme. Ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti eruku ìgbà ọyẹ́ ló pàdé níbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìyókù dànù, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ tì í wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ «kẹ́» lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Bó bá jẹ́ RAM méjì ló wà níbẹ̀, ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ kò tíì fọwọ́ kan disque dur, ewu kankan kò sì wu fáìlì yín.

Ó kọ ọ́ pé kò rí disque dur. Ṣé ó ti kú ni?

Ẹ yọ clé USB tó wà lára rẹ̀ ná. Mi ò ṣeré. Kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń fẹ́ gba ara clé bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sì bá Windows níbẹ̀, á ṣàròyé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F2 tàbí Suppr léraléra kí BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, lè ṣí (àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń lo F10 tàbí Esc). Ẹ wá orúkọ disque dur níbẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà, ìrètí pọ̀. Bí kò bá sí, wáyà rẹ̀ lè ti tú, tàbí kí ó ti kú lóòótọ́.

Ẹ wo ọjọ́ àti àkókò tó wà nínú BIOS pẹ̀lú. Bó bá ti padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, bátìrì roboto inú rẹ̀ ló ti tán, èyí tí wọ́n ń pè ní CR2032, 3 V ni. Irú rẹ̀ wà nínú aago àti télékọmáńdì, kò wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí bátìrì yìí bá kú, BIOS lè gbàgbé ọ̀nà tó ń gbà bá disque dur sọ̀rọ̀: á bọ́ láti ọ̀nà kan sí òmíràn, bíi láti AHCI sí IDE, tàbí láti RAID sí AHCI. Windows á wá ta ojú búlúù, á kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Níbí ni àwọn kan ti máa ń sọ pé àfi formatage. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ dá ọ̀nà náà (ẹ ó rí i níbi tí wọ́n kọ SATA sí nínú BIOS) padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì ní sí nǹkan tó sọnù.

«Réparation automatique» ló ń yọ, ó ń yí, kò sì tán.

Bí kò bá gbé ojú búlúù tó ní bọ́tìnnì jáde fúnra rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú nígbà tí àmì ilé-iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lẹ́yìn bí ìgbà méjì sí mẹ́ta, Windows á ṣí àyè àtúnṣe. Ẹ má ṣe èyí bí disque dur bá ń pariwo.

Ẹ wọ Dépannage, lẹ́yìn náà Options avancées, lẹ́yìn náà Invite de commandes. Ọwọ́ máa ń gbọ̀n nígbà tí ojú dúdú yẹn bá ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré ni ẹ máa kọ: notepad, kí ẹ tẹ Entrée. Bloc-notes á ṣí. Ẹ lọ sí Fichier, Ouvrir, kí ẹ yan «Tous les fichiers» nísàlẹ̀. Fèrèsé kékeré yẹn ni ọ̀nà yín. Ẹ wọ disque dur náà, ẹ wá Users tàbí Utilisateurs, ẹ wọ orúkọ yín, ẹ ó rí Bureau (tàbí Desktop), Documents, Images (tàbí Pictures), Téléchargements (tàbí Downloads). Ẹ tẹ fódà kan pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún eku, ẹ yan Copier, ẹ lọ sínú clé USB tí ẹ ti kì sára rẹ̀, ẹ yan Coller. Kò ní fi hàn yín bó ṣe ń lọ sí, yóò kàn dà bíi pé ó ti kú sójú kan. Ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́tà C lójú yìí lè má jẹ́ C tí ẹ mọ̀. Ó lè jẹ́ D tàbí E, ohun tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Ìgbà tí fáìlì bá ti wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó padà sínú Options avancées láti yọ mise à jour tó dé kẹ́yìn, tàbí kí ẹ lo Restauration du système. «Réinitialiser ce PC» ló kẹ́yìn. Bó bá di dandan, «Conserver mes fichiers» ni ẹ máa yan. Yóò yọ àwọn ohun èlò tí ẹ fi síbẹ̀, yóò sì fi fáìlì yín sílẹ̀. «Supprimer tout» kò fi nǹkankan sílẹ̀.

Ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Níbo ni mo ti máa rí i?

BitLocker nìyẹn, àgádágodo tí Windows fi ń ti disque dur pa. Ọ̀pọ̀ Windows 11 máa ń ti disque dur pa fúnra wọn nígbà tí ẹ bá fi compte Microsoft wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láì pariwo. Ẹ kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá yí nǹkan padà nínú BIOS tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ carte mère, pátákó ńlá tó so gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀. Ẹ mú fóònù, ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ fi compte kan náà wọlé. Nọ́ńbà ìdámọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá ti ojú fóònù mu kí ẹ tó kọ 48 náà.

Kíbọ́ọ̀dù tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ AZERTY, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì yọ láì tẹ Maj. Bó bá kọ̀ fún yín, ẹ lo F1 títí dé F9 fún 1 títí dé 9, kí F10 jẹ́ 0. Irú wàhálà yìí náà ló wà nínú BIOS: kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ lè jẹ́ QWERTY, kí A di Q, kí Z di W. Ọ̀rọ̀ aṣínà yín tọ́, ibi tí ìka bọ́ sí ni kò tọ́.

Bí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá sí níbikíbi, kò sí alátùn-únṣe tó lè ṣí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ń tàn lónìí, kó lọ wá tirẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Disque dur mi ń ṣe «tàk, tàk, tàk».

Ẹ pa á. Nísinsìnyí. Ẹ má tún un tàn kí ẹ «fi gbọ́ dáadáa».

Disque dur alájà ní àwo tó ń yí ní ìgbà 5400 tàbí 7200 ní ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ ní àyè tí irun orí kò lè gbà. «Tàk» yẹn ni ìró orí tó ń wá ọ̀nà tí kò rí. Bí ẹ ṣe ń tàn án sí i, ó lè máa ha àwo náà, ohun tó bá sì ti ha kò ní padà. Ẹ má gbé e sínú firísà, ẹ má ṣí i lórí tábìlì: eruku kan ṣoṣo tó. Àwọn tó ń gba fáìlì jáde nínú irú èyí ní yàrá tí wọ́n ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀, owó wọn sì wúwo. Ẹ bi ara yín bóyá fáìlì náà tó bẹ́ẹ̀. Bó bá tó, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ lọ tààrà, láì gba ọ̀dọ̀ ẹni tó máa kọ́kọ́ dán an wò.

Bí kò bá kàn ju pé ó lọ́ra, tí fáìlì kan ń ṣí tí òmíràn ń kọ̀, àyè ṣì wà. Ẹ má ṣe chkdsk, àṣẹ tí Windows fi ń yẹ disque dur wò, lórí rẹ̀. Ó ń kọ nǹkan sórí disque dur tó ti rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Linux (ètò mìíràn tó lè dípò Windows) á lo ohun èlò rẹ̀ kan, ddrescue: yóò kọ́kọ́ ka ibi tó rọrùn, yóò sì padà síbi tó le lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ṣe é, ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, mémoire ilé-ìwé, fọ́tò ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Fíìmù lè dúró.

Ṣé mo lè yọ disque dur náà kí n fi sí kọ̀ǹpútà míràn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù sì nìyẹn. Ẹ ra adaptateur tó ń sọ SATA (ẹnu tí disque dur fi ń wọ ẹ̀rọ) di USB, tàbí boîtier fún M.2 bó bá jẹ́ SSD tẹ́ẹ́rẹ́, irú ibi ìpamọ́ tí kò ní àwo tó ń yí. Ẹ rí i dájú irú M.2 tó jẹ́, NVMe tàbí SATA, kí ẹ tó sanwó. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míràn bí ẹni ń so clé. Bí Windows bá ní ẹ kò ní àṣẹ láti wọ fódà náà, ẹ tẹ Continuer, kí ẹ dúró. Bó bá wá bi yín pé «Voulez-vous le formater?», Annuler ni ìdáhùn, nígbàkúùgbà.

Nínú àwọn alágbèéká kékeré kan, wọ́n ti jó ibi ìpamọ́ mọ́ carte mère, kò ṣeé yọ. Ti àwọn yẹn, clé Linux ló yẹ wọ́n.

Báwo ni clé Linux ṣe ń ṣiṣẹ́?

Lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín, ẹ gba Ubuntu, irú Linux kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ohun èlò tó ń jẹ́ Rufus gbé e sórí clé tó ṣófo, nítorí yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú clé náà rẹ́. Ẹ ki i sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ tẹ F12, F9 tàbí Esc kí ẹ lè yan clé. «Essayer Ubuntu» ni kí ẹ yan. Ẹ jìnnà sí «Installer». Ubuntu á máa ṣiṣẹ́ láti orí clé, ẹ ó sì rí disque dur yín nínú fèrèsé fáìlì. Bó bá sọ pé kíkà nìkan ló lè kà á, ẹ má bínú sí i, kíkà náà la ń wá. Disque dur òde tí ẹ ń kó o sí, kí ìlànà tí wọ́n fi tò ó má jẹ́ FAT32, nítorí ìyẹn kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, exFAT dára.

Wọ́n ti ṣe formatage rẹ̀ kí n tó ka èyí.

Ẹ má kọ nǹkankan sí i mọ́, ẹ má ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ pàápàá. Bó bá jẹ́ disque dur alájà, tó sì jẹ́ formatage kíákíá, PhotoRec, ohun èlò tó ń wá fáìlì tó sọnù, lè rí ọ̀pọ̀ nǹkan padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ fáìlì á ti sọnù, ẹ ó sì máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ SSD, àṣẹ kan tó ń jẹ́ TRIM ti sábà máa ń sọ fún un pé kó nu àwọn àyè náà mọ́. Ìrètí kéré níbẹ̀, n kò ní tàn yín.

Mo fẹ́ gbé e lọ fún alátùn-únṣe. Kí ni kí n sọ?

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: «Ne pas formater. Fáìlì wà nínú rẹ̀.» Ẹ bi í ibi tó máa kó fáìlì sí kó tó fọwọ́ kan Windows. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín. Bó bá pààrọ̀ disque dur, ẹ gba ti àtijọ́ padà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ lè yọ disque dur kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lọ bó bá jẹ́ iná tàbí ojú rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Kò nílò fọ́tò ìgbéyàwó yín kó tó lè pààrọ̀ alimentation.

Windows 10 ni mo ń lò. Ṣé pé wọ́n ti dá a dúró ló mú kó kọ̀?

Rárá. 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò pa kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ìdí rẹ̀ níbòmíràn.

Iná máa ń lọ ṣàdédé ládùúgbò wa. Ṣé ìyẹn ń bà á jẹ́?

Lílọ rẹ̀ lè dá Windows dúró láàárín mise à jour, kí ó má lè tàn mọ́. Bíbọ̀ rẹ̀ tún burú jù, nítorí ó lè bọ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti orí tábìlì nílò onduleur, àpótí oníbátìrì tó ń fún un ní iná bí iná bá lọ, kékeré náà tó láti fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ pa á. Bí iná bá lọ, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri títí yóò fi dé tí yóò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ó ti tàn. Ṣé mo lè nu ẹ̀dà tí mo kó síta?

Ẹ dúró ná. Ẹ ṣí fáìlì díẹ̀ nínú ẹ̀dà náà, kì í ṣe orúkọ wọn nìkan ni kí ẹ wò: ẹ ṣí fọ́tò kan, ẹ ka ìwé kan dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ nítorí disque dur, ẹ má dá iṣẹ́ padà sórí èyí tó ti ṣàìsàn, ẹ ra òmíràn. Ẹ̀dà kan wà nílé, ẹ jẹ́ kí òmíràn wà níbòmíràn: lọ́dọ̀ àbúrò yín ní Kútọnu, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí forfait yín bá gbé e.